Ọjọ́ Orí Bọ́ọ̀lù: Ìrírí Akọ́nimọ̀ọ́gbá Kan Pẹ̀lú Àwọn Ọ̀dọ́langba

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́. Òwe yìí kì í ṣe ẹ̀gàn fún ọmọdé rárá. Ìkìlọ̀ ni fún àgbà tí ó jókòó tì í nídìí oúnjẹ. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ohunkóhun gbọ́dọ̀ lè fara da ọwọ́ tí ẹ̀kọ ti ra. Olùkọ́ kan wà ní ìlú Ìbàdàn tí òwe yìí pẹ́ kí ó tó yé e. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ọ rí. Òun gan-an ni ó máa ń fi í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n lórí pápá, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́langba ní bọ́ọ̀lù gbígbá ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ tí ó ti mọ ẹ̀kọ jẹ tán láti ilé rẹ̀ wá ni ó ń wá kiri.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ni olùkọ́ yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ó gba ìwé ẹ̀rí NCE nínú ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera, ó sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kékeré ní èdè Yorùbá nígbà tí olùkọ́ kò bá tó. Bí agogo ìparí iṣẹ́ bá lù, kì í lọ sílé. Yóò bọ́ ṣòkòtò gígùn sílẹ̀, yóò wọ kúkúrú, yóò fi fèrè kọ́rùn, yóò sì gba orí pápá lọ. Àwọn ọmọ bí ogójì ni wọ́n máa ń dúró dè é níbẹ̀. Àwọn kan wọ bàtà bọ́ọ̀lù, àwọn kan wọ sálúbàtà, àwọn mìíràn kò wọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ń pè é ní Kóòṣì. Àwọn òbí ń pè é ní Tíṣà. Láàrin orúkọ méjèèjì yìí ni ìṣòro rẹ̀ wà, nítorí pé ohun tí Kóòṣì ń fẹ́ ní ọjọ́ Sátidé lè má jẹ́ ohun tí Tíṣà mọ̀ pé ó tọ́ ní ọjọ́ Ajé.

Àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láyé àtijọ́ kò ní gbàgbé ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe. Olùkọ́ yóò ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí àárín orí, kí ó fi ìka kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ọmọ ti tó ilé ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, kí ó padà sílé lọ jẹ iyán sí i, kí ó tún wá lọ́dún tí ń bọ̀. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí mọ̀ ni pé ọdún tí ọba kan gorí ìtẹ́, tàbí ọdún tí àgbàrá gbé afárá lọ, ni àwọn bí ọmọ àwọn. Ọwọ́ ọmọ ni ẹlẹ́rìí. Òótọ́ ni pé ìdánwò náà kò péye, nítorí apá ọmọ kan a máa tètè gùn ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fún apá ní rìbá kí ó bàa lè gùn tàbí kí ó kúrú.

Nígbà tí Tíṣà fi di ọ̀dọ́, ìwé ti dé, irọ́ sì ti bá ìwé dé. Ọmọ ọdún 17 ni ó jẹ́ nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní àdúgbò wọn fẹ́ kópa nínú ìdíje àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 14 lọ. Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà mú un lọ sí kóòtù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n san owó ìbúra, akọ̀wé lu òǹtẹ̀, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti di ọmọ ọdún 13. Àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 sì di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìwé. Ìyá wọn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́. Ó ní, "Ṣé èmi tí mo bí yín kò wá mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde mọ́ ni?" Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ọ̀rọ̀ náà kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́, nítorí pé nígbàkígbà tí àwọn méjèèjì bá ní aáwọ̀, àbúrò a ní, "Ṣé o mọ̀ pé èmi ni mo ṣáájú rẹ ní kóòtù?"

Ìdíje náà dùn mọ́ ọn. Góòlù ń wọlé, àwọn ènìyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì, nígbà tí ó pàdé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an lórí pápá, ó rí i pé òun kò mọ nǹkan kan. Bí a ti ń fi agbára kọjá lára ọmọdé ni ìdíje náà kọ́ ọ. Kò kọ́ bí a ti ń gbé orí sókè kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀. Kò kọ́ bí a ti ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a. Kò kọ́ bí a ti ń ronú nígbà tí ẹni tí a dojú kọ bá lágbára ju ẹni lọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí ó fẹ́ gba iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ìwé rẹ̀ ń ta ko ara wọn, ó sì ní láti padà sí kóòtù lọ búra pé ọjọ́ orí tí ìyá òun mọ̀ ni ọjọ́ orí òun. Ìwé ìbúra méjèèjì wà nínú fáìlì nílé rẹ̀ títí di òní, ọ̀kan ń pe èkejì ní òpùrọ́.

Irú nǹkan báyìí wọ́pọ̀ débi pé àwọn ènìyàn ti fún un lórúkọ. Wọ́n ń pè é ní ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ènìyàn lè ní ọjọ́ orí kan fún ilé ìyá rẹ̀, kí ó sì ní òmíràn fún pápá. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà náà ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Ní ọdún 1989, FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì kúrò nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́ lágbàáyé, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1988 yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti lò fún wọn tẹ́lẹ̀. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1991, tí ó yẹ kí ó wáyé ní Nàìjíríà, bọ́ mọ́ ilẹ̀ wa lọ́wọ́, ó sì di ti ilẹ̀ Pọtogí.

Ní ọdún 2009, nígbà tí ìdíje àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé ní Nàìjíríà, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI wo ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ní ìparí egungun apá, lẹ́bàá ọrùn ọwọ́, ibì kan wà tí egungun rẹ̀ ṣì rọ̀ lára ọmọ tí ó ń dàgbà lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ibi rírọ̀ yìí yóò máa le títí yóò fi so pọ̀ mọ́ ìyókù egungun pátápátá. Bí ó bá ti so pọ̀ tán, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ọmọ náà má tíì kọjá ọdún 17. Báyìí ni ọwọ́ ṣe tún padà di ẹlẹ́rìí. Ìdánwò tí àwọn olùkọ́ àtijọ́ fi etí ṣe ni àwọn oníṣègùn wá ń fi ẹ̀rọ ṣe.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa tí ó yẹ kí gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá ọ̀dọ́ rò jinlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Nàìjíríà ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn màjèsín: ní ọdún 1985 ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí a lu Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní góòlù 2 sí òdo, ní 1993 ní Japan, ní 2007 ní Gúúsù Kòríà, ní 2013 ní ilẹ̀ Lárúbáwá ti UAE, àti ní 2015 ní Chile. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn àgbà, ibi tí Super Eagles ti jìnnà dé jù nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ni ìpele ẹgbẹ́ 16, ní ọdún 1994, ní 1998 àti ní 2014. Jámánì tí a lù ní 1985 ti gba ife àwọn àgbà ní 1990 àti ní 2014. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nìkan ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ owó, ti pápá àti ti ìṣàkóso wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn béèrè pé: ife ni à ń kó jọ ni, tàbí agbábọ́ọ̀lù ni à ń tọ́?

Ìbéèrè yìí kan Tíṣà gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ti pinnu pé òun kò ní yọ ọdún kúrò lórí ọmọ kankan, kò sì yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe ohun mìíràn tí ó jọ ọ́. Àwọn ọmọ tí ó bá tóbi, tí ohùn wọn ti kẹ̀, tí irun ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù sí àgbọ̀n wọn ni ó ń mú fún ìdíje. Ife ẹ̀yẹ mẹ́rin ni wọ́n gbà láàrin ọdún mẹ́ta. Oníléeṣẹ́ búrẹ́dì kan ra jẹ́sì fún wọn. Orúkọ Kóòṣì dé gbogbo àdúgbò.

Ọmọ kan wà nínú ẹgbẹ́ náà nígbà náà tí wọ́n bí ní oṣù Kejìlá. Ó kéré, ó sì tín-ín-rín, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ńṣe ni yóò dà bí ẹni pé wọ́n fi okùn so wọ́n pọ̀. Odidi ọdún méjì ni ọmọ yìí fi jókòó lórí bẹ́ńṣì. Bí Kóòṣì bá fẹ́ mú un wọlé, ẹ̀rù a máa bà á pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì yóò tì í ṣubú. Nígbà tí ó yá, ọmọ náà kò wá mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ Tíṣà rí i ní ìsọ̀ télọ̀ kan, ó ti ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Kí ló dé tí a kò rí ọ mọ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ẹ kò nílò mi ni."

Kò sí ìbínú nínú ìdáhùn náà, ohun tí ó mú kí ó dun Tíṣà wọra nìyí. Nígbà tí ọmọ náà fi pé ọdún 17, ó ti ga ju Tíṣà fúnra rẹ̀ lọ. Nínú àwọn ọmọ ńláńlá tí wọ́n gba ife mẹ́rin náà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó gbá bọ́ọ̀lù dé ibì kankan. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn dàgbà bá wọn, agbára tí wọ́n gbójú lé kò jẹ́ tiwọn nìkan mọ́.

Àṣìṣe yìí rán Tíṣà padà sí àwọn ìwé rẹ̀ ti ìgbà NCE. Níbẹ̀ ni ó ti tún ka ohun tí ó ti kà ṣe ìdánwò tí ó sì ti gbàgbé: pé ọmọkùnrin sábà máa ń yára ga jù lọ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14, ọmọbìnrin ní nǹkan bí ọdún 12, ṣùgbọ́n pé ìgbà tí ó ń dé bá ọmọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ọmọ ọdún 13 méjì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ara ọ̀kan ti dàgbà ju ti èkejì lọ ní ọdún púpọ̀. Bákan náà, bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí fún ìdíje, ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù Kìíní fi bí ọdún kan gbáko ju èyí tí wọ́n bí ní oṣù Kejìlá lọ, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n pè wọ́n. Àwọn onímọ̀ ní Kánádà ti kọ nípa èyí láti ọdún 1985, nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń gbá họ́kì orí yìnyín. Kì í ṣe pé wọ́n ní ẹ̀bùn ju àwọn tó kù lọ. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n ń ka títóbi sí ẹ̀bùn.

Ó tún ka nípa orókún. Nígbà tí egungun ẹsẹ̀ bá ń yára gùn, iṣan kì í tètè bá a dọ́gba. Iṣan yóò máa fa ibi tí ó ti so mọ́ egungun ojúgun, nísàlẹ̀ orókún, ibẹ̀ yóò wú, yóò sì máa dun ọmọ bí ó bá ń sáré tàbí tí ó ń fò. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní Osgood-Schlatter, orúkọ dókítà méjì tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1903. Ìsinmi àti dídín eré kù ni ó ń fẹ́. Bí egungun bá dàgbà tán, ó sábà máa ń lọ. Tíṣà rántí iye ìgbà tí ọmọ ti di orókún mú níwájú rẹ̀ tí òun ti dá a lóhùn pé, "Ṣe bí ọkùnrin."

Láti ìgbà náà ni ó ti ra ìwé gbọọrọ kan. Ó kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìbí rẹ̀ bí ó ti wà nínú ìwé àjọ ètò ìkànìyàn tàbí ìwé ìrìbọmi, kíláàsì rẹ̀, àti gíga rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan. Ara ògiri kíláàsì ni ó ti ń wọn wọ́n, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Ọmọ tí ìlà rẹ̀ bá sáré lọ sókè láàrin sáà kan, yóò dín fífò àti sísáré rẹ̀ kù. Bí ọmọ náà bá sì ṣàdédé dà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, kò ní bú u, nítorí pé ẹsẹ̀ náà ti gùn ju èyí tí ó mọ̀ lọ. Ó ṣòfin pé gbogbo ọmọ tí ó bá wá fún ìgbáradì ní ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ gbá ó kéré tán ìlàjì eré ní ọjọ́ Sátidé. Ó pín pápá sí kéékèèké, mẹ́rin sí mẹ́rin, kí bọ́ọ̀lù lè máa kan ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan léraléra. Ó ń tò wọ́n ní òbìrípo, márùn-ún yíká, méjì láàrin, àwọn márùn-ún yóò máa fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra wọn, àwọn méjì yóò máa wá bí wọn yóò ti já a gbà. Eré yìí kò bìkítà fún títóbi. Ojú àti ọgbọ́n ni ó ń bẹ̀ níṣẹ́.

Ó tún ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa mú ìwé èsì ìdánwò wá. Àpẹẹrẹ tí ó máa ń fi hàn wọ́n kò jìnnà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí ó gbá góòlù méjì wọlé nígbà tí Nàìjíríà lu Algeria ní 3 sí òdo gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1980, ilé ẹ̀kọ́ Poli Ìbàdàn ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣèyí Olófínjánà, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yemi Tella tí ó kó àwọn màjèsín lọ gba ife ní Kòríà ní 2007 jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà fún eré ìdárayá ní Èkó. Àìsàn jẹjẹrẹ ti wà lára rẹ̀ nígbà náà, kò sì pé oṣù méjì lẹ́yìn ife náà tí ó fi dágbére fún ayé. Tíṣà a máa sọ fún wọn pé kò sí odi láàrin bọ́ọ̀lù àti ìwé.

Kò sí ẹ̀kọ́ tí kò ní owó tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìlàjì eré, ife kò wá mọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ náà pàdánù ju bí wọ́n ti borí lọ. Oníléeṣẹ́ búrẹ́dì ní òun kò rí jẹ́sì rà mọ́. Àwọn òbí mélòó kan kó ọmọ wọn lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Àwọn tí ó kù ń kùn pé Tíṣà ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún kẹta, àwọn tí wọ́n mọ bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́bàá pápá wò wọ́n.

Lára àwọn tí ó wá wò wọ́n ni arákùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 15 kan ni ó tọ́ka sí, ọmọ páńẹ́líbítà kan ní àdúgbò. Ó ní ọmọ náà dára, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà jù. Bí wọ́n bá lè sọ ọ́ di ọmọ ọdún 12, òun yóò mú un rìn títí dé òkè òkun. Tíṣà kọ̀. Arákùnrin náà gba ọ̀dọ̀ bàbá lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá dé.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dínà mọ́ ọmọ mi. Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí a yọ. Ta ni yóò mọ̀?"

"Bàbá wọn, ọmọ náà yóò mọ̀."

Tíṣà ṣàlàyé. Ó ní òfin FIFA kò gbà kí wọ́n gbé agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀ tí òfin náà là sílẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá ń ṣèlérí òkè òkun fún ọmọ ọdún 12 tàbí 15, owó bàbá rẹ̀ ni ó ń wò. Ó mẹ́nu ba Táíwò Awóníyì, ọmọ Ìlọrin, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ tí ó gba ife àwọn màjèsín ní 2013. Oṣù Kẹjọ ọdún 2015, tí ó pé ọmọ ọdún 18, ni Liverpool gbà á. Kò gbá ìdíje kankan fún wọn, nítorí kò rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń yá a fún ẹgbẹ́ kan sí òmíràn ní Jámánì, ní Netherlands àti ní Belgium, kí ó tó rí ìdúró ní Union Berlin, kí Nottingham Forest sì tó rà á ní 2022. Ẹni tí yóò ṣe irú sùúrù bẹ́ẹ̀ nílò gbogbo ọdún rẹ̀ pé.

Ó sọ ti owó pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ dàgbà láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Bí owó náà bá jẹ́ mílíọ̀nù kan yúrò, 50,000 ni ti wọn. Ẹgbẹ́ tí ó bá sì ní i lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́rin, láti ọdún 12 sí 15, yóò gba 10,000 nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi ń gba owó yìí. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀, tàbí tí ọjọ́ ìbí ọmọ inú ìwé rẹ̀ ta ko ti ìwé ìrìnnà, kò ní ohun tí yóò fi hàn.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀yin náà ṣe é rí, Tíṣà. Ẹni tí ó bá yín gbá bọ́ọ̀lù ni ó sọ fún mi."

Tíṣà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí bàbá tẹ̀ lé òun dé ilé. Ó mú fáìlì jáde, ó tẹ́ ìwé ìbúra méjèèjì sórí tábìlì. "Mo ṣe é. Ẹ wo gbogbo ohun tí mo rí gbà níbẹ̀." Bàbá wo àwọn ìwé náà títí. Nígbà tí yóò fọhùn, ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ rí iṣẹ́ ìjọba ṣe. Ọmọ tèmi ńkọ́?"

Tíṣà kò rí èsì fọ̀ sí i, nítorí pé ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí ebi kò pa kò gbọdọ̀ fi òfin ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tí ebi ń pa. Ọmọ náà kò wá sórí pápá mọ́ láti ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ó tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, kí Tíṣà tó tún rí i. Ó dúró lẹ́bàá pápá, kò wọlé. Tíṣà lọ bá a. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní wọ́n ti yọ òun kúrò ní SS1, wọ́n sì ti mú òun lọ sí JSS1 ní ilé ìwé mìíràn kí ó lè bá ìwé mu. Ó ní wọ́n kìlọ̀ fún òun kí òun má bá àwọn ẹlẹgbẹ́ òun àtijọ́ rìn mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa béèrè. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí ó gbé e wá.

"Kóòṣì, ọmọ ọdún mélòó ni mo jẹ́ nínú ìwé yín?"

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé gbọọrọ náà, ó kà á jáde fún un: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i, oṣù, ọdún, àti gíga rẹ̀ ní sáà mẹ́jọ. Ọmọ náà ní kí wọ́n tún wọn òun. Wọ́n lọ sí ara ògiri, Tíṣà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tuntun lókè ti àtijọ́. Ọmọ náà fi ìka wọn àlàfo tí ó wà láàrin ìlà méjèèjì, ó sì lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ó wà ní òbìrípo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Tíṣà àti ọ̀gá ilé ìwé lọ bá bàbá ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kò bá a jà. Wọ́n ní àyè ọmọ náà ṣì ṣófo ní SS1. Bàbá ní òun ti san owó fún arákùnrin aṣojú náà, kò sì gbé fóònù òun mọ́. Ó sọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí ojú ń tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kẹta, ọmọ náà padà sí kíláàsì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá òkè òkun yóò gbà á lọ́jọ́ kan. Ohun tí ó dájú ni pé bí wọ́n bá bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, kò ní kọ́kọ́ wo ojú àgbà kí ó tó dáhùn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni yóò gba fèrè mọ́ ṣọ́ọ̀kì ní ilé ìwé tí wọn yóò bá ara wọn, nítorí pé olùkọ́ eré ìdárayá kò tó. Ìdíje yóò dé, ọ̀gá yóò fẹ́ ife, òbí yóò fẹ́ òkè òkun, ọmọ yóò sì fẹ́ ohun tí gbogbo àgbà bá ń fẹ́. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan wà lórí pápá tí yóò rántí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà, tí yóò sì jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹ̀kọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ rá a lọ́wọ́.